Fíìmù Eyimofe àti Ìwé Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí olùkọ́ Lítíréṣọ̀ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì SS2 yan fíìmù kan tó dá lórí ìlú Èkó, kí a sì kọ ohun tí a rò nípa rẹ̀, orúkọ ni mo fi yan tèmi. Eyimofe ni wọ́n pe fíìmù náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni yóò jẹ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìtàn àwọn tó fẹ́ kúrò ní Èkó ni, ó sì bọ́ sí àkókò tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jà ràn-ìn nínú ilé tiwa.

Mushin ni à ń gbé. Màmá mi ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Ojúwoyè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, kọ́ ìmọ̀ ìkọ́lé ní Yaba Tech, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí HND. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe agùnbánirọ̀ tán ni wọ́n ti ń bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ ní àwọn sáìtì ní Sùúrùlérè. Àwọn ni wọ́n ń ka irin àti símẹ́ńtì, àwọn ni wọ́n ń wò ó bóyá búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà ń tò dúró gún, àwọn náà ni wọ́n ń pọn kọnkéré sínú kúúbù tí wọn yóò fi dán agbára rẹ̀ wò. Iṣẹ́ ọ̀gá sáìtì ni wọ́n ń ṣe, owó ojúmọ́ bíi ti lébìrà ni wọ́n ń gbà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ sí òkè òkun, iṣẹ́ tí wọn yóò ti kọ́ àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé lábẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí ilé-iṣẹ́ náà yóò sì dúró fún wọn láti gba físà. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tó lé ní 40, Bọ̀ọ̀dá kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ máa bójú tó ilé gíga gbọ́dọ̀ ti dúró lẹ́yìn ẹni tó ti ṣe é rí, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ wo fíìmù mi gan-an, ní ìparí ọdún 2025, ni ìwé kan wọlé sórí fóònù wọn. Ó ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà wọ́n síṣẹ́. Nítorí náà, fíìmù kan àti ìwé kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Olùkọ́ wa kò ní kí á yẹ ìwé iṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n kọ́ wa láti fi ka ìtàn ni mo fi ka ìwé náà, ó sì ràn wá lọ́wọ́ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fíìmù náà. Ìbejì ni àwọn tó darí rẹ̀, Arie àti Chuko Esiri. Chuko ló kọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Fíìmù gidi tí wọ́n ń pè ní 16mm ni wọ́n fi yà á, kì í ṣe kámẹ́rà ayé òde òní, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọ̀ Èkó inú rẹ̀ dà bí àwọn fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù màmá mi. Apá méjì ni ìtàn náà pín sí. Orúkọ apá kìíní ni Spain, orúkọ apá kejì ni Italy.

Nínú apá kìíní, Mofe, tí Jude Akuwudike ṣe, jẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ń tún iná àti ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan, ó sì ń ṣọ́dẹ lóru. Ó fẹ́ lọ sí Sípéènì. Ó ń fi owó díẹ̀díẹ̀ wá páásípọ́ọ̀tù àti físà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Lójijì, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa àbúrò rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ lójú oorun. Owó tó yẹ kó bá a lọ sí Sípéènì di owó òkú, owó lọ́yà, owó ìwé lórí ìwé. Nínú apá kejì, Rosa, tí Temi Ami-Williams ṣe, ń ṣe irun, ó sì fẹ́ kí òun àti àbúrò rẹ̀, Grace, lọ sí Ítálì. Grace wà nínú oyún. Obìnrin kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò ní òun yóò mú wọn lọ, ṣùgbọ́n ọmọ inú Grace ni wọn yóò fi san án. Kò sí èyí tó lọ nínú àwọn méjèèjì.

Alẹ́ Sátidé ni mo wò ó, èmi àti Bọ̀ọ̀dá, lórí kọ̀ǹpútà wọn. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ wa ń ké lóde. Nígbà tí a dé ibi tí Mofe ti wọlé tó bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọn kò mí mọ́, Bọ̀ọ̀dá dá fíìmù náà dúró. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n jáde lọ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi, wọ́n sì padà wá jókòó. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá fíìmù náà dára, ohun tí mo kọ́kọ́ máa sọ fún un nìyí.

Ohun kìíní tí fíìmù náà ṣe tó wú mi lórí ni pé a kò rí Sípéènì, a kò rí Ítálì. Orúkọ wọn nìkan la rí, tí wọ́n kọ gàgàrà sójú fíìmù. Lẹ́yìn orúkọ náà, Èkó la tún ń wò: àwọn wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn, bọ́ọ̀sì, òòrùn, ìlà gígùn ní ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì sọ pé ẹ̀tàn ni, pé kí wọ́n má pè é ní Spain tí wọn kò bá ní gbé wa débẹ̀. Èmi kò gbà. Bí ìlú òkèèrè ṣe rí lójú ẹni tó ń wá a nìyẹn. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí “ìlú òyìnbó” kò ní sọ fún ọ pé ìlú báyìí ni, àdúgbò báyìí ni, iṣẹ́ báyìí ni. Orúkọ ló mú dání. Mofe náà, orúkọ ló mú dání.

Èyí ló mú mi padà sí orúkọ fíìmù náà. Èyí-mo-fẹ́. Nínú èdè wa, “èyí” kì í ṣe “ìyẹn”. Ohun tó wà nítòsí là ń pè ní èyí, ohun tí ọwọ́ lè kàn, tí a lè nàka sí kí ẹni tó dúró tì wá náà rí i. Ohun tó jìnnà, ìyẹn là ń pè é. Bí òbí bá sọ ọmọ ní Èyímofẹ́, ọmọ náà wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin inú fíìmù yìí ń jẹ́ èyí, ó sì ń lé ìyẹn. Nígbà tí ìtàn fi máa parí, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀, ó ń tún nǹkan ṣe fún àwọn ènìyàn. Mo rò pé ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá bá a.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Màmá mi fẹ́ràn láti máa pa òwe pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òótọ́ sì ni. Bí fíìmù náà bá jẹ́ ìwàásù pé ilé dára ju oko lọ, n kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀. Ìwé tó wá sórí fóònù Bọ̀ọ̀dá ló sì là mí lójú sí i.

Ìwé náà ní ojú ewé méjì. Àwòrán kẹ̀kẹ́ tó ń gbé irin sókè wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa ńlá wà nísàlẹ̀. Ó kí Bọ̀ọ̀dá kú oríire. Ó ní wọ́n ti yàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ nínú àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé, pé owó wọn lọ́dún yóò jẹ́ 24,000 pọ́n-ùn, pé ilé ọ̀fẹ́ wà, pé ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún físà wọn. Ní ojú ewé kejì, ó ní kí wọ́n san 1,200,000 náírà fún ètò ìwé, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọkùnrin tó mú ìwé náà wá, tó ní ọ́fíìsì kékeré kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yaba, ti kọ́kọ́ gba 85,000 náírà lọ́wọ́ wọn fún fọ́ọ̀mù.

Màmá mi ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wọn. Owó wọn, 700,000 náírà, fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Wọ́n ní àwọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lé e, àwọn yóò sì yá ìyókù. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ àwọn ń lọ.

Nínú kíláàsì Lítíréṣọ̀, tí a bá fẹ́ ka nǹkan kan, a máa ń bèèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló fẹ́ kí ẹni náà ṣe? Mo bi ìwé náà ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ilé-iṣẹ́ kan tí kò dárúkọ ìlú tí sáìtì rẹ̀ wà, tí kò sọ bóyá ilé ni wọ́n ń kọ́ ni, bóyá afárá ni. “United Kingdom” nìkan ló kọ, bí fíìmù ṣe kọ Spain. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ẹnikẹ́ni. Bí a bá yọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá kúrò, tí a fi ti ẹlòmíràn sí i, kò sí gbólóhùn kan tó máa yí padà. Kí ló fẹ́ kí ẹni náà ṣe? Kó sanwó.

Mo wá bi Bọ̀ọ̀dá pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n bi yín nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n bi mí bóyá mo ní páásípọ́ọ̀tù.”

“Wọn kò bi yín nípa ilé kíkọ́?”

“Rárá.”

Bọ̀ọ̀dá mi mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi àwọn. Ó yẹ kí wọ́n gbé pláànù ilé síwájú wọn pé kí wọ́n kà á. Ó yẹ kí wọ́n bi wọ́n pé bí kúúbù kọnkéré kò bá ní agbára tó yẹ nígbà tí wọ́n fọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ 28, kí ni wọn yóò ṣe sí òpó tí wọ́n ti fi kọnkéré náà dà. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ yóò bi ọ́ nípa iṣẹ́. Ẹni tí kò bi ọ́ nípa iṣẹ́ kò níṣẹ́ tó fẹ́ fún ọ.

Ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jókòó, a sì ka ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kọ síta nípa físà àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ló lè kà á láìsan kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, owó ọdún tí ẹni tó bá fẹ́ gba físà yìí gbọ́dọ̀ máa gbà ti di 41,700 pọ́n-ùn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Àdínkù wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àdínkù náà kò sọ iṣẹ́ àbójútó ìkọ́lé di 24,000. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìwọ̀n iṣẹ́ sókè, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó bá ìpele yunifásítì mu ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ṣì ń fún ní físà náà. Ìwé onígbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fúnni kì í sì í ṣe bébà. Inú kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń gbé, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́. Òǹtẹ̀ pupa kò sí níbẹ̀ rárá.

Nínú gbogbo ohun tí a kà, ohun kan ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì inú ìwé Bọ̀ọ̀dá kò lè gbé ilé kan náà. Ọ̀rọ̀ kìíní ni “akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́”. Ọ̀rọ̀ kejì ni “físà”. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, owó kékeré ni wọ́n ń san fún un, nítorí kò tíì mọ iṣẹ́ náà tán. Ṣùgbọ́n físà yìí ń bèèrè owó ńlá. Ìdí nìyẹn tí irú iṣẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá ń wá fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n wá tàbí pé orí wọn kò gbe wọ́n. Òfin fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ méjèèjì ya. Àwọn tó ń jẹ lórí àwa aráàlú sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí la fẹ́ gbọ́ pa pọ̀, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀ fún wa lórí bébà.

Ọ̀rọ̀ “onígbọ̀wọ́” ló wá ṣí gbogbo rẹ̀ payá. Láàárín àwa Yorùbá, ta là ń pè ní onígbọ̀wọ́? Ẹni tó dúró fún ọ níbi tí o ti ń yáwó ni. Bí o bá sá, òun ni wọn yóò mú. Ọrùn tirẹ̀ ló wà nínú okùn. Bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn: ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ ló ń sanwó ìwé-àṣẹ fún ìjọba, òun ló sì máa pàdánù ìwé-àṣẹ náà bó bá ṣe màgòmágó. Láti ìparí ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ gbangba pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó ìwé-àṣẹ yìí tàbí owó ìwé onígbọ̀wọ́ padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wá lórí físà yìí. Owó físà fúnra rẹ̀ àti owó ìlera, 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ lè san ìyẹn, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń san án fún, kì í ṣe ọkùnrin orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onígbọ̀wọ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ní òun dúró fún, irú onígbọ̀wọ́ wo nìyẹn?

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn mi ni mo tún fíìmù náà wò. Nígbà kejì yìí, ohun tí mo rí ni pé nínú apá méjèèjì, arìnrìn-àjò ló ń kọ́kọ́ sanwó, kó tó rí ohunkóhun. Ohun tó sì fi ń sanwó, ti ẹbí ni. Ní ayé àtijọ́, bí gbèsè bá wọ ilé, wọ́n lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó ni owó. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí wọn yóò fi san gbèsè. Ọmọ inú Grace, tí wọn kò tíì bí, ti di ju ìwọ̀fà lọ, nítorí kò sí ìgbà tí wọn yóò rà á padà. Mo ronú kan màmá mi. Owó àjọ wọn, ẹja mélòó ni? Òwúrọ̀ mélòó ni wọ́n ti jí ní aago mẹ́rin?

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ láti bá fíìmù náà rò. Àjálù inú rẹ̀ pọ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ pa ènìyàn, báńkì ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, bàbá kò ṣe bí bàbá, ọ̀gá kò ra ohun èlò. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti ń wó lu ènìyàn báyìí, ẹni tó ń wò ó yóò máa sọ pé orí Mofe ló burú, pé Èkó ló burú. Kò ní bèèrè ìbéèrè tó yẹ kí ó bèèrè. Mofe mọṣẹ́. Nínú gbogbo fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kan lórí wáyà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ìtàn náà tó bi í pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yìí, ta ló ń wá a? Ìwé wo ló lè fi hàn pé o mọ̀ ọ́n?” Ìwé ìrìnnà ló ń rà, kò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà kankan. Àwọn olùdarí fíìmù lè dá mi lóhùn pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé àwọn kò kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún arìnrìn-àjò. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá mi ń wo fíìmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbéèrè yẹn sì ni wọ́n nílò.

Ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn kì í ṣe òyìnbó. Ní sáìtì tí Bọ̀ọ̀dá ń ṣe ní Sùúrùlérè, àwọn tó ń lẹ táìlì wá láti Kútọnù àti Tógò. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ní Èkó ló mọ̀ wọ́n. Bí o bá fẹ́ kí táìlì rẹ gún, àwọn ni wọn yóò ní kí o pè. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún Bọ̀ọ̀dá, mo sì bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Ó ń sọ Yorùbá tirẹ̀ tó dà bíi ti Pọ̀tọ̀-nóvò. Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, kí òun tó gba fírídọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni òun wọ mọ́tò wá sí Èkó. Òun kò nílò físà, nítorí láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ará orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Bọ̀ọ̀dá sọ fún un, bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn náà ń wá ọ̀nà lọ sí London. Ó bi wọ́n pé, “Kí ni wọ́n máa pè ẹ́ ṣe níbẹ̀?” Bọ̀ọ̀dá kò lè dáhùn kíá.

Èkó ni òkè òkun ọkùnrin yẹn. Ó kọ́ṣẹ́ kó tó wá ọ̀nà. Nígbà tó dé, ohun tó mú dání ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo fi sọ pé “èyí” inú orúkọ fíìmù yẹn ṣe pàtàkì. Ọkùnrin náà lọ sí òkèèrè, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe parí. Bọ̀ọ̀dá wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ìwé náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn onígbọ̀wọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ jáde. Wọ́n rí orúkọ náà níbẹ̀! Inú màmá mi dùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lórí ìwé kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà. Bọ̀ọ̀dá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n dáhùn ní gbólóhùn mẹ́ta pé àwọn kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní irú àyè iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kì í sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni ọkùnrin orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi ń jẹun. Òfin Nàìjíríà sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa kó òṣìṣẹ́ lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá padà lọ bèèrè ìwé-àṣẹ náà, ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Owó 85,000 náírà ti lọ. Owó àjọ kò lọ.

Ó nira fún màmá mi. Kì í ṣe nítorí owó, nítorí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti sọ fún ni. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà lọ sí ọjà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka àròkọ yìí mọ̀ pé ìtìjú yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn san owó kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti fura. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ síta. Wọn kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bọ̀ọ̀dá ṣì ń wá ọ̀nà. Wọn kò sọ pé àwọn kò lọ mọ́, èmi náà kò sì bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, Jámánì ni wọ́n ń kà nípa rẹ̀, nítorí níbẹ̀, kíkọ́ṣẹ́ àti físà lè gbé ilé kan. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ausbildung, tí ilé-iṣẹ́ ń san owó oṣù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ìkọ́lé sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ èdè wọn dáadáa kó tó lọ, ó sì lè dá ẹni tó ti gba HND padà sí ìdí iṣẹ́ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń rò ó. Wọ́n ti ra ìwé èdè Jámánì àlòkù kan ní Yaba, lálẹ́ ni wọ́n ń kà á, èmi ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n tún ti ń kó àwọn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn jọ: ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré, agbára tí kúúbù ní, fọ́tò irin kí wọ́n tó bò ó. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí, ìdájọ́ mi lórí Eyimofe ni pé fíìmù tó yẹ kí gbogbo ilé tí ẹnì kan ti ń múra ìrìn-àjò jókòó wò pa pọ̀ ni. Kò sọ fún wa pé kí a má lọ. Ó fi iye tí a ti san hàn wá kí a tó mọ̀ bóyá mọ́tò wà. Ohun tí kò ṣe fún wa, kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe é: kí a bèèrè ta ló ń sanwó fún ta, kí a bèèrè iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kí a ṣe àti níbo, kí a sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kí a tó tú àjọ. Olùkọ́ wa fún mi ní máàkì 14 nínú 20. Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ fíìmù díẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi púpọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo tún un kọ fún ìdíje yìí, mo sì gbìyànjú láti dín in kù, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.